Ohun Tí Mo Gbọ́ ní Kọ́nà Òkè Ẹ̀fọ̀n

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ìwé yìí, ẹrù kan wà lọ́rùn mi tí mo ti ń rù láti ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, ọrùn mi kò sì gbà á mọ́. N kò sọ ọ́ fún ìyàwó mi. N kò sọ ọ́ fún bàbá mi títí ó fi kú. Ẹ̀yin tí n kò mọ̀, tí ẹ kò sì mọ̀ mí, ni mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ ọ́ fún, torí n kò ní rí ojú yín nígbà tí ẹ bá ń kà á.

Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ nísinsìnyí ni pé bàbá kan ń bọ̀ wá pè mí ní Jímọ̀ tó tẹ̀lé Iléyá. Ó ku ọjọ́ mọ́kàndínlógún, mò ń kà á. Bí ọjọ́ náà bá pé tí n kò tíì sọ òtítọ́, bàbá náà yóò lọ dọ̀bálẹ̀ níwájú àwọn èèyàn, yóò jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ tí kò dá. Èmi ni mo dá a. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán ná.

Rédíò ni mo ń tún ṣe ní Aramọkọ, ìsọ̀ mi sì wà létí títì. Bàbá mi jẹ́ áfà tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú, ìdí nìyẹn tí gbogbo ìlú fi ń pè mí ní Ọmọ Áfà. Bàbá kò kọ́kọ́ fẹ́ iṣẹ́ náà. Ó ní àpótí tó ń sọ̀rọ̀ láìní ẹnu, kí ni èèyàn ń bá a ṣe? Ṣùgbọ́n nígbà tí ìròyìn bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mọ́ ọn, kò bá mi jà mọ́.

Etí mi ló sọ mí di ẹni tí wọ́n ń wá. Ẹ jẹ́ kí n fi etí náà yangàn díẹ̀, torí òun náà ló kó bá mi. Bí rédíò bá ń kùn nínú ìsọ̀, mo lè jókòó síta kí n sọ ohun tó ń ṣe é kí n tó tú u. Mo gbẹ́kẹ̀ lé etí yẹn ju bó ṣe yẹ lọ.

Lọ́dún náà, ọ̀gá ilé-ìwé kan tó ti fẹ̀yìn tì padà wálé sí Ìjerò. Hẹdimásítà ni gbogbo ayé ń pè é. Ó ra ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àlòkù kan ní Ìbàdàn. Rédíò wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn rédíò náà dà bí ti ẹni tí ọ̀fìnkìn ń dà láàmú. Ó gbé e wá bá mi. Ó ní òun kò wá ariwo, òun kàn fẹ́ kí ẹni tó ń ka ìròyìn dà bí ẹni tó jókòó ti òun.

Mo wo gbohùngbohùn, ìyẹn sípíkà, tí wọ́n fi sí i. Kékeré ni, bébà inú rẹ̀ ti ya, ẹnìkan sì ti fi ẹ̀kọ lẹ̀ ẹ́. Mo sọ fún Hẹdimásítà pé méjì ni a ó yàn: kékeré kan síwájú, kí ọ̀rọ̀ lè dún ketekete, àti ńlá kan sí ẹ̀yìn ìjókòó ẹ̀yìn, fún ohùn ìsàlẹ̀. Kékeré kò ṣòro. Ti ńlá ni a fi ọjọ́ mẹ́ta yàn. Mo ní mẹ́rin nílẹ̀. Mo fi ìka méjì tẹ bébà wọn wọlé jẹ́jẹ́, èyí tó bá ń họ irin nínú, mo gbé e tì. Mo fi bátìrì tọ́ọ̀ṣì kan ìdí wáyà wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kí n gbọ́ bí wọn yóò ṣe dún. Hẹdimásítà jókòó lórí àga mi, ó di ojú, ó ń fetí sílẹ̀ bí ẹni tó ń gbọ́ àkọ́sórí lẹ́nu ọmọ ilé-ìwé. Ó ní ẹ̀kẹta ló dún bí ọkùnrin tó jẹun yó. Òun ni a mú. Mo gé pákó, mo kàn án mọ́ ọn, mo ki òwú sẹ́yìn rẹ̀ kí pákó má baà máa gbọ̀n. N kò tíì ṣe iṣẹ́ kan tó dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ohun kan ló kù. Bí mọ́tò bá dúró, rédíò náà dára. Bí ó bá ń lọ, ariwo ẹ́ńjìnnì a máa wọ inú rẹ̀. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ yìí mọ̀ ọ́n: bí ẹ́ńjìnnì bá ń jìyà lórí òkè, rédíò a máa bá a sunkún. Mo ti fi kòdẹ́ńsà kan sí i tí yóò pa ariwo náà, ṣùgbọ́n òkè ńlá nìkan ló lè fi hàn bóyá ó ti kú tán. Èmi ni mo ní kí a lọ gun òkè Ẹ̀fọ̀n. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn. Hẹdimásítà kò bẹ̀ mí. Èmi ni mo sọ ọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ kò bá mọ òkè Ẹ̀fọ̀n, ọ̀nà rẹ̀ tóóró. Àpáta wà lọ́wọ́ kan, ọ̀gbun wà lọ́wọ́ kejì, ó sì ń lọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó ń gùn ún kò lè rí ẹni tó ń sọ̀ kalẹ̀. Nítorí náà, àwọn dírẹ́bà ọ̀nà náà ní àṣà kan tí wọ́n ń pè ní kíkí òkè. Kí o tó wọ kọ́nà, wàá fun fèrè lẹ́ẹ̀mejì, wàá rọra, wàá sì tẹ́tí. Bí o bá gbọ́ fèrè lókè, ìwọ tí ò ń gùn ni wàá dúró, torí ẹni tó fi ẹrù sọ̀ kalẹ̀ kò lè dúró bó ṣe fẹ́. Kò sí dírẹ́bà tí kì í kí òkè. Àwọn èrò pàápàá a máa pa ẹnu mọ́ bí wọ́n bá ti dé ibẹ̀.

Ọ̀sán gangan ni. Òjò kò rọ̀, ilẹ̀ gbẹ, oòrùn wà. N kò rí nǹkan kan tí mo lè di ẹ̀bi lé lórí.

Hẹdimásítà ń wa mọ́tò, èmi jókòó tì í, ọwọ́ mi wà nítòsí bọ́tìnnì rédíò. Ìròyìn ń lọ lọ́wọ́. Ní kọ́nà kìíní, òun fúnra rẹ̀ dín ohùn rédíò kù, ó kí òkè, kò sẹ́ni tó dáhùn, a kọjá. Nígbà tí a sún mọ́ kọ́nà kejì, ó tún na ọwọ́ láti dín in kù. Ìgbà náà ni mo gbọ́ ohun kan lábẹ́ ohùn ìròyìn: húùn, húùn. Ó rinlẹ̀, ó sì fà díẹ̀. Mo rò pé ariwo ẹ́ńjìnnì náà ló tún wọlé. Mo mú ọwọ́ Hẹdimásítà kúrò lórí bọ́tìnnì, ọwọ́ ẹni tó tó bí mi lọ́mọ.

Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ kí n wá ibi tó ti ń wá.”

Ó ní, “Ọmọ Áfà, jẹ́ kí n kí òkè ná.”

Mo ní, “Ìṣẹ́jú kan péré, sà.”

Mo yí rédíò náà sókè dé òpin. Hẹdimásítà fun fèrè tirẹ̀, ṣùgbọ́n ta ni yóò gbọ́ èsì? Ohùn ọkùnrin tó jẹun yó ti kún inú mọ́tò. Mo tẹ̀ síwájú, mo fi etí ti gbohùngbohùn kékeré. Ohùn ìròyìn náà ga, ó ń bú, ṣùgbọ́n n kò gbọ́ húùn náà mọ́. Ó yé mi lójijì. Ohun tó bá wà nínú rédíò, bí o bá yí rédíò sókè, òun náà á ga ni. Eléyìí kò ga. Ìta ló ti wá.

Mo gbé ojú sókè láti sọ ọ́. Iwájú lọ́rì ló kún gíláàsì wa.

Dírẹ́bà lọ́rì náà ì bá tì wá sínú ọ̀gbun kí ó sì máa lọ. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó darí lọ́rì rẹ̀ sí ara àpáta, ó dojú dé. Ìdí rẹ̀ gbá wa, orí Hẹdimásítà sì lọ kọlu irin. Lẹ́yìn náà ibẹ̀ pa lọ́lọ́, àfi rédíò. Rédíò ń ka ìròyìn rẹ̀ lọ.

Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ń tì mí lójú ju gbogbo rẹ̀ lọ. N kò kọ́kọ́ wo Hẹdimásítà bóyá ó wà láàyè. N kò kọ́kọ́ sá lọ sídìí lọ́rì, níbi tí àwọn èèyàn ti bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Rédíò ni mo kọ́kọ́ pa. Mo yí i wálẹ̀, mo pa á, mo sì nu bọ́tìnnì náà, bí ẹni pé ẹnìkan yóò rí ọwọ́ mi lára rẹ̀.

Obìnrin kan ará Ẹ̀rìò tó wà nínú lọ́rì náà kú níbẹ̀. Ó ti lọ ra obì ní Ẹ̀fọ̀n, ó ń padà sílé. Obì rẹ̀ fọ́n ká gbogbo ọ̀nà, a sì ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ nígbà tí a ń gbé àwọn tó fara pa.

Dírẹ́bà náà jẹ́ ará Ìlọrọ̀. N ó pè é ní Búràímọ̀, kì í ṣe orúkọ rẹ̀ gan-an. Ó ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá dé ibẹ̀ pé, “Mo kí òkè. Mo kí i lẹ́ẹ̀mejì.” Ọlọ́pàá wá bi mí níbi tí wọ́n ti ń di apá mi. Ó ní ṣé mo gbọ́ fèrè lọ́rì? Ẹ̀rù bà mí. Mo ní n kò gbọ́. Mo rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni, pé bí Hẹdimásítà bá jí, yóò sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀, kálukú yóò sì mọ ti ara rẹ̀.

Hẹdimásítà jí lọ́jọ́ kẹta, kò sì rántí nǹkan kan. Kò rántí òkè, kò rántí lọ́rì, kò rántí pé mo mú ọwọ́ rẹ̀ kúrò. Nígbà tí wọ́n sọ fún mi, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ẹ gbọ́ irú ọpẹ́ tí mo dá. Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹlòmíràn láyé tó mọ̀ ọ́n.

Ní kóòtù, àwọn èrò lọ́rì kò fẹnu kò. Àwọn kan ní dírẹ́bà fun fèrè, àwọn kan ní àwọn ń sùn. Ó wá ku ẹ̀rí mi. Wọ́n gbé Kùránì fún mi. Bàbá mi jókòó sí ìjókòó iwájú, ó wọ fìlà funfun rẹ̀. Mo búra. Mo ní a dín rédíò kù, mo ní a tẹ́tí, mo ní n kò gbọ́ fèrè kankan. Adájọ́ bi mí lẹ́ẹ̀kan sí i, mo tún un sọ, ẹnu mi kò sì gbọ̀n. Búràímọ̀ wò mí láti ibi tó dúró sí. Kò wò mí pẹ̀lú ìbínú. Ó wò mí bí ẹni tó ń gbìyànjú láti rántí nǹkan.

Wọ́n sọ ọ́ sí ẹ̀wọ̀n ọdún méjì, wọ́n sì gba láísẹ́ǹsì rẹ̀. Nígbà tí a délé, bàbá mi gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó ṣe àdúà fún mi torí pé mo sọ òtítọ́ nípa òkú obìnrin tí kò lè sọ̀rọ̀ mọ́. N kò lè jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà. Ọdún kẹta lẹ́yìn rẹ̀ ni bàbá kú, pẹ̀lú àdúà náà lọ́rùn mi.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rò pé mo jẹ ayé. Hẹdimásítà sàn, ó ń tiro díẹ̀, ó sì ń sọ kiri Ìjerò àti Ìjurìn pé èmi ni olóòótọ́ èèyàn. Àwọn onímọ́tò ń tìtorí ọ̀rọ̀ rẹ̀ wá. Mo lé gbogbo wọn. Láti ọjọ́ náà n kò fi ọwọ́ kan rédíò mọ́tò mọ́, ti inú ilé nìkan ni mò ń ṣe. Wọ́n ní mo ti ń gbéra ga. Ìsọ̀ mi tó wà létí títì yìí, bí lọ́rì bá fun fèrè, ohun tó wà lọ́wọ́ mi a bọ́. Ìyàwó mi rò pé àìsàn ni, ó ní kí n lọ yẹ ara mi wò. Àṣegbé kan kò sí, àṣepamọ́ ló wà. Mo ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn láti kékeré, n kò mọ̀ pé àṣepamọ́ pàápàá a máa jẹ èèyàn láti inú bí ìdin.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo gbé ojú sókè, Búràímọ̀ ló dúró níwájú ìsọ̀. Irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun. Mo rò pé ó wá pa mí ni. Mo tilẹ̀ wo ọwọ́ rẹ̀ bóyá ó mú àdá. Rédíò kékeré kan ló gbé lọ́wọ́, tí kò sọ̀rọ̀ mọ́.

Ó kí mi dáadáa. Ó jókòó sórí àga tí Hẹdimásítà jókòó sí. Ó ní òun ti di àgbẹ̀ ní Ìlọrọ̀. Ó ní láti ìgbà tí òun ti jáde, lọ́dọọdún tí òun bá wa uṣu, òun a máa gbé díẹ̀ lọ sí Ẹ̀rìò, fún àwọn ọmọ obìnrin tó kú. Wọn kì í bá òun sọ̀rọ̀. Wọ́n a ní kí òun gbé e sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

Ó wá sọ ohun tó gbé e wá. Mo rántí gbogbo rẹ̀.

“Ọmọ Áfà, mò ń gbọ́ fèrè náà ní etí mi títí di òní. Mo mọ̀ pé mo fun ún. Ṣùgbọ́n ìwọ fi Kùránì búra, ọmọ áfà kò sì ní fi Kùránì pa urọ́. Mo ti rò ó títí nínú ẹ̀wọ̀n. Ó ní láti jẹ́ pé èmi ni mo gbàgbé, tí ọkàn mi wá ń tàn mí. Ukú obìnrin yẹn, ọwọ́ mi ló wà.”

Ó ní òun kò fẹ́ kú pẹ̀lú irọ́ lọ́rùn. Ó ní ní Jímọ̀ tó tẹ̀lé Iléyá, lẹ́yìn ìrun, òun yóò lọ sí ulé àwọn ọmọ náà ní Ẹ̀rìò, òun yóò dọ̀bálẹ̀ níwájú wọn àti níwájú àwọn àgbà mọ́ṣáláṣí, òun yóò jẹ́wọ́ pé òun kò kí òkè. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀ mí. Ó bẹ̀ mí, ẹ̀yin èèyàn. Ó ní kí n jọ̀ọ́ kí n bá òun lọ, kí n dúró ti òun, torí èmi ni ẹlẹ́rìí. Ó ní bí wọ́n bá rí èmi olóòótọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun, bóyá wọn yóò dárí ji òun.

Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, mo gbọ́. N ó bá yín lọ.”

Ohun tó jáde lẹ́nu mi nìyẹn. Ó dúpẹ́, ó sì lọ.

Mo tú rédíò rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Wáyà gbohùngbohùn rẹ̀ ló já, iṣẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún. Mo so ó, ó sọ̀rọ̀. Ó wà lórí pẹpẹ níwájú mi bí mo ti ń kọ ìwé yìí, n kò sì lè tàn án.

Ẹ̀rù ń bà mí. Ẹ jẹ́ kí n má fi bò. Ẹ̀wọ̀n ń bà mí lẹ́rù, torí mo mọ ohun tí òfin ń ṣe fún ẹni tó jẹ́rìí èké. Àwọn ọmọ obìnrin náà ń bà mí lẹ́rù, ọkùnrin ni méjì nínú wọn, wọ́n sì ti dàgbà. Ojú Hẹdimásítà ń bà mí lẹ́rù, nítorí òun náà yóò wá mọ̀ pé mọ́tò òun ló jẹ̀bi. Mò ń bẹ̀rù pé wọn yóò máa pe àwọn ọmọ mi ní ọmọ ẹni tó fi Kùránì purọ́, pé wọn yóò tún hú bàbá mi mọ́ ọn níbi tó sùn sí. Ti Ọlọ́run, n kò ní ẹnu láti sọ ọ́. Mo ti túúbá títí, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé túúbá ẹni tó ṣì gbé ẹrù olóhun pamọ́ kì í ròkè.

Nígbà mìíràn, èrò burúkú kan a máa sọ sí mi lọ́kàn: jẹ́ kó lọ jẹ́wọ́. Ó ti gbà á. Ó ti fi ẹ̀wọ̀n san án. Bí ó bá ti jẹ́wọ́, ọ̀rọ̀ ti tán, ìwọ náà á sinmi. Mo kọ èrò náà síbí kí ẹ lè mọ irú ẹni tí ẹ ń bá sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n mo gbà á ní láísẹ́ǹsì, mo gbà á ní ọdún méjì, ohun kan ṣoṣo tó kù fún un ni pé ó mọ̀ pé òun fun fèrè. Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ìyẹn náà tán.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin tí ẹ mọ òfin, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé Ìlọrọ̀ ni kí n kọ́kọ́ lọ bá a, kí n sọ ọ́ fún òun nìkan? Àbí kí n bá a dé Ẹ̀rìò, kí n jẹ́ kó dọ̀bálẹ̀, kí n wá dọ̀bálẹ̀ tẹ̀lé e kí ó tó la ẹnu? Àbí ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá ni? Ẹ má fi mí ré. Ẹ tètè dáhùn, ọjọ́ ń lọ.

Bí ìwé mi bá sì gùn jù tí olóòtú bá fẹ́ gé e, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gé ibi tó bá wù yín. Ẹ kàn bá mi fi gbólóhùn kan yìí sílẹ̀, nítorí òun ni ó yẹ kí n ti sọ ní kóòtù lójú bàbá mi. Dírẹ́bà lọ́rì náà kí òkè. Ó fun fèrè lẹ́ẹ̀mejì, mo sì gbọ́ ọ.